Orí Kẹfà: Ẹ̀rọ Tó Ń Darí Ẹ́díìtì Fídíò Orí Téèpù

Nínú orí tó ṣáájú èyí, a rí bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ àwòrán sára téèpù àti bí ó ṣe ń kà á padà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò báyìí ni ẹ̀rọ tó dúró láàárín olóòtú àwòrán àti àwọn ẹ̀rọ téèpù rẹ̀, ìyẹn olùdarí ẹ́díìtì. Òun kọ́ ló ń ka àwòrán, òun kọ́ ló sì ń gbà á sílẹ̀. Àwòrán kì í tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí ọ̀rúndún ogún fi ń parí lọ, òun ni ọ̀gá yàrá ẹ́díìtì ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́.

Àwọn kan máa ń ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tó ń báni tẹ bọ́tìnnì láti òkèèrè ni. Àlàyé yẹn kò tó. Títẹ bọ́tìnnì kò le. Èyí tó le ni pé kí téèpù méjì tó ń sáré, tí kálukú ní mọ́tò tirẹ̀, jọ dé ibi tí a fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má fi ìdá 1 nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá ṣíwájú èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, nítorí gbogbo ohun èlò tí a máa dárúkọ nínú orí yìí, orí ìṣòro kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

6.1 Nígbà tí abẹ fẹ́lẹ́ ń ṣiṣẹ́ náà

Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ Ampex ti California gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ VRX-1000 wá sí ìpàdé àwọn oníṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Chicago. Téèpù rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2, ó sì ń sáré íǹṣì 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọdún yẹn tó parí, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ti ń fi gba ìròyìn ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ láti tún un gbé jáde fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nítorí agogo tiwọn fi wákàtí mẹ́ta rẹ̀yìn sí ti New York. Ìyẹn ni pé fífi ètò pamọ́ di wákàtí mìíràn ni iṣẹ́ téèpù nígbà náà. Títo àwòrán pọ̀ di eré kò tíì sí nínú ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ yọ nǹkan kúrò, abẹ fẹ́lẹ́ ni yóò fi gé téèpù náà. Lára fíìmù, ojú ń rí àwòrán. Lára téèpù, ojú kò rí nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ á da omi tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ sára téèpù kí ipa òòfà lè hàn, á fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá ibi tí fíréèmù kan ti parí, á gé e, á sì lẹ ẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán á fò. Ohùn tún ní wàhálà tirẹ̀, torí orí tó ń ka ohùn jìnnà sí èyí tó ń ka àwòrán: ọ̀rọ̀ àti ẹnu tó sọ ọ́ kì í sí lójú kan náà lórí téèpù, àlàfo wọn sì lé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Pẹ̀lú gbogbo èyí, irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni Art Schneider fi to Rowan & Martin's Laugh-In fún NBC, eré tó kún fún àwàdà ṣókí-ṣókí tí wọ́n ń já lu ara wọn, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún un ní 1968. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ ọkùnrin náà.

Ọ̀nà mìíràn ti ń là kí ó tó gba ẹ̀bùn yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ampex ṣe ohun tó jẹ́ kí rẹ̀kọ́dà lè máa ka téèpù lọ, kó sì yí padà sí gbígbà lójú ẹsẹ̀ láìba àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́. Ní 1963 ni ẹ̀rọ Editec wọn dé, tó ń fi ìró kékeré sàmì sí ibi tí ẹ́díìtì yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Láti ìgbà náà ni ẹ́díìtì ti di àdàkọ. Téèpù tí a fi ya àwòrán wà nínú pléyà láìfarapa, téèpù iṣẹ́ wà nínú rẹ̀kọ́dà, a sì ń da àwòrán kọ láti ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ sí èkejì, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.

6.2 Kóòdù àkókò

Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ dá àdàkọ ṣe fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà lórí téèpù. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kíka àmì ipa ìdarí. Létí téèpù ni ipa tóóró yìí wà. Rẹ̀kọ́dà ń kọ àmì iná sí i ní ìwọ̀n kan náà bí àwòrán ti ń wọlé, kí mọ́tò lè fi mọ bí yóò ṣe sáré nígbà kíkà. Olùdarí lè máa ka àwọn àmì náà: ó rí 25, ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá. Àìsàn ọ̀nà yìí ni pé gbogbo àmì jọ ara wọn. Bí téèpù bá yọ̀ díẹ̀ nígbà tó ń yí padà, tàbí tí eruku bo àmì méjì, òǹkà ti ṣìnà, olùdarí kò sì ní ohun tó lè fi mọ̀. Bí ẹ bá yọ téèpù jáde tí ẹ tún fi í padà, òǹkà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ní 1967, ilé-iṣẹ́ kan ní Santa Ana ní California, EECO, mú èrò kan wá láti inú iṣẹ́ àwọn tó ń fi téèpù gba ìròyìn ohun ìjà àtamátàsé tó ń fò lókè: ẹ jẹ́ kí fíréèmù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kò ní yí padà títí ayé. Ẹgbẹ́ SMPTE ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlànà, EBU tó kó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù jọ sì gbà á pẹ̀lú. Nọ́ńbà náà, tí a ń pè ní kóòdù àkókò, ní ìpín mẹ́rin: wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, fíréèmù. Bí ẹ bá rí 01:04:10:05, fíréèmù karùn-ún lẹ́yìn wákàtí 1, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ni.

Bíìtì 80 ni wọ́n fi ń kọ ọ́ fún fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ń gbé àkókò, 32 ṣófo fún ohunkóhun tí oníṣẹ́ bá fẹ́ kọ, bíi nọ́ńbà téèpù tàbí ọjọ́, 16 sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìparí tí kì í yí padà. Mẹ́fà tó kù jẹ́ àsíá kéékèèké. Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn wúlò ju bí ó ti rí lójú lọ: bí wọ́n ṣe to bíìtì inú rẹ̀ yàtọ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, nípa bẹ́ẹ̀ olùdarí á mọ̀ bóyá iwájú ni téèpù ń lọ tàbí ẹ̀yìn.

Ibi méjì ni a lè kọ kóòdù sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní LTC wà lórí ipa gígùn bíi ti ohùn. A lè kà á nígbà tí téèpù ń sáré, àní bí ó bá ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n bí téèpù bá dúró, LTC dákẹ́, nítorí pé orí tó dúró lórí ipa tó dúró kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní VITC wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀, lórí àwọn ìlà tí òǹwòran kì í rí lókè fíréèmù. Níwọ̀n ìgbà tí orí tó ń yípo bá ń ka àwòrán, ó ń ka VITC náà, kódà bí téèpù bá dúró pátápátá. Ti àsárétete ni kò lè ṣe. Olùdarí tó dára ń lo méjèèjì, ó ń gba ti VITC nígbà ìfarabalẹ̀ wòran, ó sì ń padà sí LTC nígbà ìsáré.

Ní Nàìjíríà, Bírítéènì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó lo ìlànà tẹlifíṣọ̀n PAL, fíréèmù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣirò rẹ̀ kò sì díjú. Ní Amẹ́ríkà àti Japan tí wọ́n lo ìlànà NTSC, fíréèmù 29.97 ni. Bí a bá ń kà á bíi 30, kóòdù á fi fíréèmù 108 rẹ̀yìn sí agogo ògiri lẹ́yìn wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 3.6. Wọ́n wá ṣe irú kóòdù kan tó ń fo nọ́ńbà méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àfi ìṣẹ́jú òdo, 10, 20, 30, 40 àti 50. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìṣẹ́jú 54 ní ìlọ́po 2 jẹ́ 108. Nọ́ńbà nìkan ló ń fò, àwòrán kankan kò sọnù. Èyí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì lóye.

6.3 CMX

Ní 1971, CBS àti ilé-iṣẹ́ Memorex dá ilé-iṣẹ́ CMX sílẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọn tó lókìkí, CMX 600, ṣíwájú ìgbà rẹ̀ gan-an ni: ó kó àwòrán dúdú-òun-funfun sínú àwọn dísìkì ńlá, kọ̀ǹpútà PDP-11 ń darí rẹ̀, olóòtú sì ń fi kálàmù iná tọ́ka sí ojú mọ́nítọ̀ láti yan ibi tó fẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì wákàtí àwòrán péré ni dísìkì náà gbà, owó rẹ̀ sì ga débi pé ìwọ̀nba ni wọ́n tà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yí iṣẹ́ padà. Àwọn olùdarí CMX tó wá lẹ́yìn, láti orí CMX 300 títí dé CMX 3600, fi dísìkì sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa darí ẹ̀rọ téèpù tí ilé-iṣẹ́ ti ní tẹ́lẹ̀. Kíbọọ̀dù wọn ní bọ́tìnnì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ojú mọ́nítọ̀ kan ń fi gbogbo ẹ́díìtì hàn ní ìlà-ìlà, kóòdù àkókò sì ni èdè tí gbogbo rẹ̀ ń sọ. Ampex ṣe ACE tirẹ̀, Grass Valley náà ní tirẹ̀, Sony sì kó odindi ẹbí BVE jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan dáadáa kì í pẹ́ mọ èkejì.

6.4 Ohun tó wà nínú yàrá

Yàrá tó kéré jù ní ẹ̀rọ téèpù méjì, mọ́nítọ̀ méjì àti olùdarí kan. Sony RM-440 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Wáyà tó nípọn ló so ó mọ́ ẹ̀rọ téèpù U-matic bíi VO-5850, kò lo kóòdù àkókò, àmì ipa ìdarí ló ń kà, gígé gbẹrẹfu láti àwòrán kan sí òmíràn nìkan ló sì lè ṣe. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan fún pléyà, ọ̀kan fún rẹ̀kọ́dà. Ẹ fi ìka yí i, téèpù á rọra lọ tàbí kó sáré bí ẹ bá ṣe yí i tó. Fún ìròyìn tó gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ yìí tó. Fún eré tí àṣìṣe fíréèmù mẹ́ta lè ba ẹ̀rín tàbí ìgbájú jẹ́, kò tó.

Yàrá tó tóbi ní pléyà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, rẹ̀kọ́dà kan, míkísà àwòrán, míkísà ohùn, àti olùdarí bíi BVE-910 tàbí BVE-9000 tó lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àlejò kì í kíyè sí: ẹ̀rọ kékeré tó ń pín sígínà ìlànà dúdú kan fún gbogbo ẹ̀rọ yòókù, kí fíréèmù wọn lè máa bẹ̀rẹ̀ lásìkò kan náà. Bí wáyà sígínà yìí bá já lẹ́yìn pléyà kan, olùdarí á máa gbìyànjú, á máa gbìyànjú, kò sì ní rí ìbámu. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bú olùdarí.

6.5 Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Téèpù iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní 10:00:00:00, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ará Bírítéènì, ìṣẹ́jú àáyá 22 sì ti wà lórí rẹ̀. A fẹ́ fi àwòrán kan láti inú téèpù kejìlá tẹ̀ lé e, tí yóò gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 4.

Olóòtú á wá ibi tí àwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀ lórí pléyà, á yí kẹ̀kẹ́ títí ó fi rí fíréèmù tó fẹ́, á tẹ IN. Olùdarí kọ 01:04:10:05 sílẹ̀. Ó lọ síwájú, ó tẹ OUT ní 01:04:14:05. Lórí rẹ̀kọ́dà, ó tẹ IN ní 10:00:22:00. Kò sídìí láti tẹ OUT lórí rẹ̀kọ́dà. Bí ibi mẹ́ta bá ti wà, olùdarí á ṣírò ìkẹrin: 10:00:26:00.

Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ PREVIEW. Àwòrán kò tíì wọlé sórí téèpù, ìdánwò ni. Olùdarí á kọ́kọ́ dá téèpù méjèèjì padà sẹ́yìn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní preroll. Bí preroll bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5, pléyà á dúró ní 01:04:05:05, rẹ̀kọ́dà á dúró ní 10:00:17:00. Ìdí preroll ni pé mọ́tò kì í ti ìdúró bọ́ sí eré pípé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gba àsìkò kí ohun róbótó tó gbé orí àti ọ̀pá tó ń fa téèpù tó rí ìwọ̀n wọn.

Olùdarí á wá ní kí méjèèjì máa lọ. Ó ti yọ nọ́ńbà pléyà kúrò nínú ti rẹ̀kọ́dà ní ibi ẹ́díìtì, ó sì rí ìyàtọ̀ kan: 08:56:11:20. Ìyàtọ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn ní gbogbo fíréèmù. Ká ní ó bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, pléyà ní òun wà ní 01:04:07:12, rẹ̀kọ́dà ní òun wà ní 10:00:19:05. Olùdarí fi ìyàtọ̀ rẹ̀ kún ti pléyà, ó rí 10:00:19:07. Nígbà náà pléyà ti fi fíréèmù 2 ṣíwájú. Ó pàṣẹ fún pléyà kí ó rọra fà sẹ́yìn nínú eré rẹ̀, ó tún béèrè, ó tún ṣírò, títí ìyàtọ̀ yóò fi pé. Omele tó fẹ́ bá ìyá ìlù pàdé kì í dáwọ́ ìlù dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣe ni yóò yára díẹ̀ tàbí kó fà á díẹ̀, títí ọwọ́ àwọn méjèèjì á fi ṣe ọ̀kan. Bí pléyà ṣe ń bá rẹ̀kọ́dà pàdé gan-an nìyẹn. Bí kò bá bá a pàdé kí ibi ẹ́díìtì tó dé, olùdarí tó dára á dá iṣẹ́ dúró, á sì sọ fún olóòtú. Èyí tí kò dára á gé e bẹ́ẹ̀.

Ìjìnlẹ̀ kan tún wà níbí. Rẹ̀kọ́dà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán ní fíréèmù tí àṣẹ dé etí rẹ̀. Ó ń gbà á ní àsìkò díẹ̀, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti irú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Nítorí náà ni olùdarí ṣe ní tábìlì kan nínú ikùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VTR constants, tí wọ́n kọ ìwà irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí: àkókò tó ń gbà láti gbéra, preroll tó yẹ ẹ́, iye fíréèmù tí àṣẹ gbígbà gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá wọ yàrá tí ẹ́díìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíréèmù kan tàbí méjì ṣìnà, tí ó sì ń ṣìnà bákan náà nígbà gbogbo, tábìlì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àṣìṣe tí kì í yí padà, nọ́ńbà ló fà á. Èyí tó ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ wá a lọ sí ara téèpù, wáyà tàbí mọ́tò.

Irú ẹ́díìtì méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́. Nínú assemble, rẹ̀kọ́dà ń kọ ohun gbogbo ní tuntun: àwòrán, ohùn, àti ipa ìdarí. Ó dára fún fífi nǹkan kún òpin, ṣùgbọ́n ibi tó bá dúró sí, ipa ìdarí já níbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Nínú insert, ipa ìdarí àtijọ́ ni rẹ̀kọ́dà ń tẹ̀ lé, àwòrán nìkan tàbí ohùn nìkan ni a sì lè pààrọ̀, láìfọwọ́ kan ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, téèpù gbọ́dọ̀ ti ní ipa ìdarí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi sígínà dúdú àti kóòdù àkókò kún téèpù tuntun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni ti téèpù wákàtí kan, kò sí àbùjá, ẹ má sì wá a.

Lórí téèpù íǹṣì 1 oríṣi C, àwọ̀ tún fi òfin kan kún un. Sígínà àwọ̀ PAL ń parí ìyípo rẹ̀ lẹ́yìn fíréèmù 4. Bí a bá so fíréèmù tó wà ní ipò àkọ́kọ́ nínú ìyípo mọ́ èyí tí kò bá a mu, àwòrán á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ní ojú gígé. Olùdarí tó mọ òfin yìí á sún ibi ẹ́díìtì síwájú tàbí sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

6.6 Wáyà oníhò mẹ́sàn-án

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùdarí kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnnì kan fún fọ́nrán wáyà kan. Sony ló fi ìlànà tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí 9-pin rọ́pò rẹ̀, ìlànà yìí sì gbòòrò débi pé àwọn tó ń bá Sony du ọjà náà kọ́ ọ sínú ẹ̀rọ tiwọn. RS-422 ló ń lò: fọ́nrán méjì ló ń gbé ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní òdìkejì èkejì, tó fi jẹ́ pé ariwo iná tó bá wọ inú méjèèjì á pa ara rẹ̀ rẹ́. Eré rẹ̀ jẹ́ bíìtì 38,400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Olùdarí nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ téèpù kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí a bá bi í, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ìdá 9 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wo àṣẹ tó ní kí ẹ̀rọ máa lọ, ní òǹkà onímẹ́rìndínlógún:

20 01 21

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ irú àṣẹ àti pé kò gbé ẹrù kankan lẹ́yìn, èkejì sọ àṣẹ gan-an, ìkẹta jẹ́ àròpọ̀ àwọn méjì tó ṣáájú, kí ẹ̀rọ lè fi mọ̀ bóyá nǹkan bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ á dáhùn pé 10 01 11, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́. Bíìtì 11 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gbà bí a bá ka ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àyẹ̀wò àti ti òpin mọ́ ọn, nítorí náà àṣẹ yìí ń gba bíìtì 33, tí kò tó ìdá 1 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Fíréèmù PAL kan ń gba ìdá 40 nínú 1,000. Ààyè wà dáadáa fún olùdarí láti béèrè ibi tí ẹ̀rọ wà, gbọ́ èsì, ṣírò, kó sì pàṣẹ tuntun kí fíréèmù kan tó parí. Mo ka ìlànà yìí sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti ṣe: ó kúrú, ó yé ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

6.7 Míkísà àti ìwé ẹ́díìtì

Bí a bá fẹ́ kí àwòrán kan yọ́ sínú òmíràn, pléyà méjì gbọ́dọ̀ máa lọ pọ̀, kí míkísà sì ṣí láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Olùdarí ń sọ fún míkísà nígbà tí àkókò bá tó, nípa ìsọfúnni bíi ti 9-pin tàbí nípa GPI, tí kò ju kí fọ́nrán méjì kan ara wọn lọ, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo ìpinnu wọ̀nyí wà nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní EDL. Ẹ́díìtì wa ti ìṣáájú rí báyìí ní ìlànà CMX 3600:

003 012 V C 01:04:10:05 01:04:14:05 10:00:22:00 10:00:26:00

Ẹ́díìtì kẹta, téèpù 12, àwòrán nìkan, gígé gbẹrẹfu, lẹ́yìn náà ibi tí a ti wọlé àti ibi tí a ti jáde lórí pléyà, àti lórí rẹ̀kọ́dà. Bí ó bá jẹ́ yíyọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, D 025 ni yóò rọ́pò C. Ìwé yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ pín sí méjì. Olóòtú á fi àdàkọ olówó pọ́ọ́kú, tí kóòdù hàn lójú àwòrán rẹ̀, ronú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú yàrá kékeré. Lẹ́yìn náà ó gbé dísìkì EDL àti téèpù gidi lọ sí yàrá ńlá tí owó wákàtí rẹ̀ ga, olùdarí ibẹ̀ á sì tún gbogbo ẹ́díìtì ṣe fúnra rẹ̀. Ó lè tẹ̀ lé ètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń pè ní A-mode, tàbí kó lo téèpù tó wà nínú ẹ̀rọ tán kó tó béèrè òmíràn, tí wọ́n ń pè ní B-mode. Ti ìkejì ń yára jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ EDL tí kò ní àṣìṣe, nítorí ihò ni yóò máa fi sílẹ̀ sáàárín títí téèpù tó yẹ yóò fi dé.

6.8 Ohun tí olùdarí kò lè ṣe, àti ohun tó kù lọ́wọ́ wa

Kò sí olùdarí tó lè sún àwòrán tó ti wà lórí téèpù síwájú láti fi ààyè gba òmíràn. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kún àárín eré, ẹ yan ọ̀kan: kí ẹ tún ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e ṣe, tàbí kí ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí téèpù mìíràn, kí àwòrán sì pàdánù díẹ̀ lára rẹ̀. Ìdààmú yìí ni ilé-iṣẹ́ Avid fi ẹ̀rọ Media Composer yanjú láti 1989, nígbà tí àwòrán wọ inú dísìkì kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ Avid kò ju ogún àwọn CMX nù. 9-pin ló fi ń darí ẹ̀rọ téèpù láti kó àwòrán wọlé, kóòdù àkókò ló fi ń mọ ọ̀nà, EDL ló sì ń kọ jáde.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn VRX-1000. Téèpù U-matic àti Betacam gba ojú iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa lẹ́yìn náà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986 tí fíìmù sì di ọ̀wọ́n, àwọn òṣèré tíátà Yorùbá yí sí fídíò, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ ni wọ́n sì to láti téèpù sí téèpù. Púpọ̀ nínú téèpù wọ̀nyẹn ṣì wà nínú àpótí. Láti gbà wọ́n là, ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè, àti ẹni tó mọ ohun tí preroll, ipa ìdarí àti VTR constants jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ Betacam tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún oníṣòwò irin nígbà tí téèpù ṣì wà nínú yàrá tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ibi ẹ́díìtì lórí pléyà jẹ́ 02:20:40:18, lórí rẹ̀kọ́dà 10:03:15:10, ní PAL. Ẹ ṣírò ìyàtọ̀ wọn, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí bí preroll bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 7.

2. Àṣẹ ìdúró nínú ìlànà 9-pin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 00. Kí ni nọ́ńbà kẹta?

3. Ẹ́díìtì kan nínú yàrá yín ń fi fíréèmù kan pẹ́ nígbà gbogbo, òmíràn ń pẹ́ lọ́jọ́ kan tó sì ń yá lọ́jọ́ kejì. Níbo ni ẹ ó ti kọ́kọ́ wá àìsàn ọ̀kọ̀ọ̀kan?

4. Ẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó súnmọ́ yín. Ẹ gba àṣẹ, ẹ kọ irú téèpù tí wọ́n ní sílẹ̀, ọdún tó wà lára àkọlé wọn, àti bóyá ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀dà kan.